Àánú Ni, Tàbí Gbèsè?

Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 9:1-13, 16:1-4, 19:24-30, 21:7
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 31:8-9

Ìfáárà

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ́nù tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, àlàáfíà àwọn ọmọ ni a kọ́kọ́ máa ń béèrè. Nígbà mìíràn, ìdáhùn wọn a máa wúwo. Ọmọ kan ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀. Òmíràn kò lè fara da ariwo inú kíláàsì. Òmíràn kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí kí ìwé kíkà nira fún un ju bí ó ti yẹ lọ. Irú àwọn ọmọ báyìí ni a ń sọ pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe nínú ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 2025, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìjọba ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ètò ìrànlọ́wọ́ náà. Ẹ̀rù wọn gbé ìbéèrè kan dìde tí ó kan gbogbo Kristẹni níbikíbi tí a bá wà: ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún ọmọ aláìlera, ṣé àánú ni, tí ẹni tí ń ṣe é lè dá dúró nígbà tí ó bá wù ú? Tàbí gbèsè ni, tí a gbọ́dọ̀ san?

Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Títí di oṣù kẹrin ọdún 1971, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a sọ nípa àwọn ọmọ kan pé wọn kò ṣe é kọ́ ní ilé-ìwé. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1970 ni ó fi òpin sí èyí. Ní 1978, ìgbìmọ̀ tí obìnrin amòye kan, Mary Warnock, jẹ́ alága rẹ̀ sọ pé ó tó ọmọ kan nínú márùn-ún tí ó lè nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe nígbà kan nínú ọjọ́ ilé-ìwé rẹ̀. Òfin 1981 tẹ̀lé e. Ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ àìní ọmọ tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le sínú ìwé, kí wọ́n sì pèsè ohun tí wọ́n kọ. Òfin 2014 fi ìwé mìíràn rọ́pò èyí. Ìwé tuntun náà pa ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú pọ̀ sí ojú kan, ó sì lè dúró títí ọ̀dọ́ náà yóò fi pé ọmọ ọdún 25. Ohun pàtàkì nípa rẹ̀ ni pé ó ní agbára òfin. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkan yóò máa wá kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ rí i pé ẹni náà wá.

Ní 2015, àwọn tí ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 240,000. Ní 2025, wọ́n ti lé ní 638,000. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn yìí ju bílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn lọ ní ọdún kan. Ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn tí ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sọ pé ètò náà kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn kò rí i pé ọ̀nà àwọn ọmọ náà dára sí i tó bí owó tí a ń ná ti pọ̀ tó. Òfin ní kí ìwé náà jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 20, ṣùgbọ́n ní 2024, èyí tí ó jáde lásìkò kò tó ìdajì. Nítorí náà, kò sí olóòótọ́ ènìyàn tí ó lè sọ pé kò sí ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe. Àwọn òbí pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni pé, lábẹ́ orúkọ àtúnṣe, a ó gba ìwé tí ó ní agbára òfin kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, a ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán rọ́pò rẹ̀ pé ilé-ìwé yóò gbìyànjú. Igi gọgọrọ má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ju 100,000 ènìyàn lọ ni ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí a má ṣe gba ẹ̀tọ́ yìí. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba sún ìwé ètò àtúnṣe náà síwájú di 2026.

Ipò Mefibóṣẹ́tì nídìí tábìlì ọba

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ Jónátánì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mefibóṣẹ́tì nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ dé. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá lọ, ọmọ náà ṣubú, ó sì di arọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì (2 Sámúẹ́lì 4:4). Nígbà tí Dáfídì jọba, ó wá a kàn ní Lódébárì. Kì í ṣe pé ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn sí i kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un. Ó yan Síbà, àti àwọn ọmọ rẹ̀ 15 àti ìránṣẹ́ rẹ̀ 20, láti máa ro ilẹ̀ náà. Ó sì fún un ní àyè nídìí tábìlì ọba títí ayé. Ohun tí yóò jẹ, ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́, ibi tí yóò jókòó: gbogbo rẹ̀ ni a là sílẹ̀ kedere.

Kí ni ó mú kí Dáfídì ṣe èyí? Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn ní ọjọ́ náà. Májẹ̀mú wà láàárín òun àti Jónátánì (1 Sámúẹ́lì 20:14-17). Mefibóṣẹ́tì kò ṣiṣẹ́ fún un, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn ọba.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí a bá fi òfin de inú rere, ṣé inú rere ni síbẹ̀? Ṣé kò sàn kí a fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ ọkàn olúkúlùkù?" Ìbéèrè gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé Jónátánì fẹ́ràn Dáfídì bí ọkàn ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí Dáfídì búra. Ó mọ̀ pé Dáfídì fẹ́ràn òun. Ó tún mọ̀ pé ènìyàn a máa gbàgbé, pé ọba a máa ní ìdààmú, àti pé ọmọ òun lè má lágbára láti rán an létí. Ọkọ tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ kì í sá fún ìbúra níwájú ìjọ. Ìfẹ́ tòótọ́ kì í bẹ̀rù kí a dì í. Ẹni tí ó bá ń kọ̀ láti ṣèlérí ni ó yẹ kí a bi pé kí ló dé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Ọjọ́ burúkú dé. Ábúsálómù dìtẹ̀, Dáfídì sì ń sá lọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Síbà pàdé rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti 200 ìṣù àkàrà, ó sì sọ fún un pé Mefibóṣẹ́tì dúró sí Jerúsálẹ́mù nítorí pé ó ń retí ìjọba. Dáfídì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lójú ẹsẹ̀, ó fi gbogbo ohun ìní arọ náà fún Síbà. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ wo ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí burú jù. Nígbà tí Mefibóṣẹ́tì ráyè sọ tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá nítorí pé òun yarọ, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òun tan òun jẹ (19:26). Àìlera rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí ó lè wá sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì pé oúnjẹ wọ́n ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba pé owó kò tó. Bí a ṣe ń ro ilẹ̀ náà lè yí padà. Ẹni tí ń rò ó lè yí padà. Bí ọ̀nà kan bá wà tí ó tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ju ìwé ọ̀sẹ̀ 20 lọ, ẹ jẹ́ kí a gbà á. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ọba kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ yí ìpín aláìlera padà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba àyè rẹ̀ nídìí tábìlì.

Nígbà tí òtítọ́ hàn, Dáfídì kò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà. Báyìí ni ó máa ń rí. Ohun tí a bá fi ìkánjú gbà lọ́wọ́ aláìlera kì í sábà padà ní odidi. Ọdún kan nínú ìgbà èwe ọmọ tí kò rí ẹni kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ta ni yóò dá a padà? Ṣùgbọ́n ní orí 21, nígbà tí a ń wá àwọn ọmọ ilé Sọ́ọ̀lù láti pa, ìbúra àtijọ́ náà ni ó gba ẹ̀mí Mefibóṣẹ́tì là. Inú rere ọba ti yẹ̀ ní ọjọ́ kan. Májẹ̀mú kò yẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́

A máa ń sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Nínú àwọn ẹjọ́ tí òbí gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ lórí ọ̀ràn yìí, tí wọ́n sì gbọ́ dé òpin, ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ni òbí ń jàre. Ó dára fún àwọn tí ó lè lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń fọ ọ́fíìsì lóru ńkọ́, tí lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ kò yé dáadáa? Baba tí ojú ń tì ńkọ́, tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ pé ọmọ òun kò ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rò ni ọmọ rẹ̀ yóò rí ìrànlọ́wọ́ gbà, a ti sọ ẹ̀tọ́ di èrè ìjàkadì.

Ìdí nìyí tí Òwe 31:8-9 fi kọjá òwe wa. Kò ní kí aláìlera má ṣe dákẹ́. Àwa ni ó pàṣẹ fún pé kí a la ẹnu wa fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Nínú ìjọ tiwa

Kí a má rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí. Àwọn baba wa a máa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ a rí ọmọ tí a fi pa mọ́ sí ìyẹ̀wù, tí a ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó jẹ. Jésù ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Jòhánù 9:1-3. Ní 1960, Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn ọmọ adití. Kò dúró de òfin. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Nàìjíríà náà ní òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìlera. A ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kù kí a san án.

Gbèsè ni, ará. Ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ san án. Bí ọmọ kan bá wà ní àdúgbò wa tí kò lè wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀, ọba ti pè é sídìí tábìlì. Ta ni a rán láti lọ gbé e wá?

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìrànlọ́wọ́ tí ó ti inú májẹ̀mú wá àti èyí tí ó ti inú àánú ọjọ́ kan wá?
2. Bí owó ìjọ bá dínkù, ọ̀nà wo ni a lè gbà dín ìnáwó kù láìgba àyè aláìlera?
3. Ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kí a tó yí ètò tí ó kan ọmọ aláìlera padà?
4. Dárúkọ ohun kan tí kíláàsì yìí yóò ṣe kí oṣù yìí tó parí fún òbí kan tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀.