Bí Ìtara Bá Tán, Kí Ni Ó Kù?

Bí ìdánwò BAC bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan a máa wọ àárín àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: bí ènìyàn bá fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ìtara náà sì kú sójú ọ̀nà, ta ni ó jẹ̀bi? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé orí onítọ̀hún ni kò gbè é.

Àwa kò fara mọ́ ọn pátápátá. Nínú ìmọ̀ Ifá, orí ni ènìyàn yàn lọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni yóò gbé e débẹ̀. Orí tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè kúrò níbi tí ó wà. Ọkàn ni ó ń fẹ́ nǹkan, òun náà ni àárẹ̀ kọ́kọ́ ń mú. Ti ọkàn ni ìtara, a kò sì lè pàṣẹ fún un pé kí ó jí láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ni a lè pàṣẹ fún. (Ẹni tí òbí yan iṣẹ́ fún, tí ọkàn rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀, kì í ṣe àárẹ̀ ni ó ń ṣe é.)

Ẹ wo àgbẹ̀ oníṣu ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ó kọ ebè, ó gbin èébù, ó sì di ọ̀pọ̀ oṣù tí kò rí ju ewé lọ. Kò lè tú ebè wò láti mọ̀ bóyá iṣu ti ta. Bí ó bá tú u, ó ti ba ohun tí ó ń retí jẹ́. Kì í ṣe inú dídùn ni ó ń gbé e lọ sóko ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Koríko kò dúró dè é, ó sì wà nínú àáró: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lóko rẹ̀ lónìí, òun náà gbọ́dọ̀ wà lóko wọn lọ́la.

Ní 1886 ni ogun Dàhòmì pa Kétu run. Nígbà tí àwọn tí ó kù padà wá tún un kọ́ ní 1894, a kò rò pé ìtara ni gbogbo wọn fi ń ṣán igbó lójú ilé baba wọn.

Nítorí náà, àfojúsùn lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí ẹsẹ̀ tí ń rìn ín má jẹ́ ti ẹnì kan. Ìyá tí ó ti ọjà Àjàṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó dáná, tí ó tún gbé ìwé lọ sí kíláàsì láti kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, kò nílò ìwàásù lórí sùúrù. Bí ó bá pa kíláàsì jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tó dá orí rẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àti ẹni tí ó bá a gbé ọmọ fún wákàtí kan.