Sàká Lórí Owó Góòlù Gẹ̀ẹ́sì

Ṣé ẹni tó ń ṣa owó góòlù àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ gbèsè sàká lórí rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ Mùsùlùmí Ìdúmàgbò l'Ékòó ni. Sovereign, tí wọ́n ti ń rọ láti ọdún 1817, ni mò ń sọ. Àwọn tó ń ṣà á jọ á ní ìtàn làwọn ń tọ́jú: orí Ayaba Victoria àti ọdún tó wà lára rẹ̀ làwọn rà, kì í ṣe owó. Ó jọ òtítọ́, torí kò sẹ́ni tó máa fi sovereign ra ata ní ọjà Jankara lónìí. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n rọ ọ́ fún, owó ló sì jẹ́ l'Ékòó lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1861. Mo gbà pé gbèsè náà wà.

Góòlù tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀sìn ń wò. Gíráàmù 85 ojúlówó góòlù ni sàká ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ sovereign kan wọn gíráàmù 7.98, ṣùgbọ́n kárátì 22 ni, nítorí náà góòlù inú rẹ̀ jẹ́ 7.32. Mọ́kànlá kò tó o. Méjìlá kọjá a. Bí ọdún bá yípo lórí méjìlá yẹn, ìdá kan nínú ogójì ti di ti aláìní. Ẹnì kan lè sọ pé nínú ìlànà Máálíkì, tí ọ̀pọ̀ áàfáà wa ń tẹ̀lé, góòlù tí obìnrin ń wọ̀ kò ní sàká, pé ọ̀ṣọ́ lowó àtijọ́ náà. Ọ̀ṣọ́ ọrùn ta ni? Wíwọ̀ ló mú àwíjàre yẹn wá. Èyí tó wà nínú àpótí kò bá ẹnikẹ́ni lọ òde. Alùkùránì, Súrà Tawba, ẹsẹ 34, kìlọ̀ fún àwọn tó ń kó góòlù àti fàdákà pamọ́ láìná an sí ojú ọ̀nà Ọlọ́run, kò sì yọ èyí tó ti gbó sílẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti iye rẹ̀. Sovereign ọdún tó ṣọ̀wọ́n lè ju iye góòlù inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Èwo la ó ṣírò? Ìwọ̀n góòlù ni lójú tèmi, torí àwọn onímáálíkì kì í ka iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. (Inú àwọn tó ń ṣà á jọ yóò dùn síyẹn.) Kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹni tó ń ṣà á jọ yọ ẹyọ kan kúrò nínú àkójọ rẹ̀, náírà tó bá sàká náà dọ́gba tó. Kó ṣáà fi iye góòlù lọ́jọ́ tí ọdún pé ṣírò, kì í ṣe iye tó fi rà á.