Inú Fìlà

Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú dánfó tó ń ti Mile 2 lọ sí Òkokomáíkò lè fi orí èrò nìkan mọ ibi tí ọkọ̀ dé. Ní Navy Town, fìlà funfun àwọn ọmọ ogun ojú omi ni, ó jókòó gún régé bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní ìtòsí Alábà Rago, fìlà àwọn ará Òkè Ọya ló gba ojú ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sí lára yíká. Ní Ìyànà-Ìbà, akẹ́kọ̀ọ́ LASU ti yí ojú fẹ́ẹ̀sì káàpù rẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá wá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, gọ̀bì àti abetí ajá á bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Orí àwọn tó ń sáré lọ sóde ìgbéyàwó ni, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di owó ọkọ̀ mú, tí wọ́n fi èkejì di fìlà mú nítorí afẹ́fẹ́.

Fìlà ti Navy Town yẹn kò ṣòro láti túmọ̀, nítorí Ìjọba ló ni ín. Nínú àṣà ológun tí Nàìjíríà jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò bá dé fìlà kì í gbọ́wọ́ sókè kí sálúùtù. Ipò ni wọ́n ń kí, fìlà sì ni ẹ̀rí ipò. Bí ọ̀gágun bá délé tó so tirẹ̀ kọ́ sára ìṣó, bàbá ọmọ lásán ló kù.

Ti Yorùbá le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní ọ̀dọ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù aránfìlà ní àdúgbò yìí láti wá kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti gbálẹ̀ títí, tó ti pọnmi, tó ti ra oúnjẹ wá fún ọ̀gá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi lé e lọ́wọ́ ni tépù. Wọ́n á ní kó wọn orí. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé: fi tépù gba iwájú orí, gbé e gba òkè etí, yí i dé ìpàkọ́, má jẹ́ kó fún, má jẹ́ kó dẹ̀. Orí àgbàlagbà púpọ̀ máa ń bọ́ sáàárín ínṣì 22 sí 24. Àmọ́ ìdajì ínṣì péré ló wà láàárín fìlà tó jókòó dáadáa àti èyí tí oníbàárà á bọ́ sórí itan rẹ̀ kí wọ́n tó pín ìrẹsì lóde àríyá. Bí ọmọ náà bá ní àròjinlẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè kan á sọ sí i lọ́kàn níbi tó dúró sí pẹ̀lú tépù lọ́wọ́: orí wo gan-an ni òun ń wọ̀n yìí?

Nítorí méjì ni Yorùbá ka orí sí. Orí òde ni egungun àti awọ àti irun, èyí tí tépù lè yí ká. Orí inú ni èyí tí ènìyàn gbà lọ́run kó tó délé ayé, òun ló ru ìpín ẹni. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, ṣàlàyé orúkọ mẹ́ta tí a ń pe ìpín yìí, àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Èyí tí a kúnlẹ̀ yàn, èyí tí a kúnlẹ̀ gbà, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wí ohun kan náà, a ó sì padà sórí èyí láìpẹ́.

Orí inú kò ṣeé fojú rí, síbẹ̀ Yorùbá rán nǹkan fún un. Ìborí ni, ohun kékeré ṣóńṣó tí wọ́n fi awọ àti owó ẹyọ ṣe, tí ẹni tó bá lágbára á tún kọ́ ilé orí lé lórí, òun náà jẹ́ awọ àti owó ẹyọ. Àwọn tó ti fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọnà wa, bí Robert Farris Thompson ará Amẹ́ríkà, tọ́ka sí i pé ìrísí ṣóńṣó yìí kan náà ló wà lára adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: orí tí kò ní egungun pàápàá ní ẹni tó ń gé awọ fún un, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an. Iṣẹ́ tí ọmọ tó mú tépù lọ́wọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ kò jìnnà sí tàwọn wọ̀nyẹn.

Orúkọ fìlà kan fi èyí hàn ju ìwé lọ. Samuel Johnson, tó parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, lẹ́yìn 20 ọdún tó ti kú, kọ ọ́ sílẹ̀ pé fìlà tí gbogbo ènìyàn ń dé nígbà ayé rẹ̀ ń jẹ́ Orí-kò-gbófo. Gígùn rẹ̀ tó bí ínṣì 10, ó sún mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì ń tẹ òkè rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó sọ fìlà lórúkọ yẹn kò ronú nípa oòrùn tàbí òtútù. Òfo ló ń bá jà. Orí tí kò ní ìbòrí, orí tó ṣófo ni lójú rẹ̀.

(Àwọn kan á ní bí ọkùnrin bá tẹ fìlà sápá ọ̀tún, kò tíì gbéyàwó, bó bá tẹ̀ ẹ́ sápá òsì, ó ti ní ìyàwó nílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó dùn ni, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà mẹ́ta kí ẹ wo bí ìdáhùn á ṣe bára mu. Ibi tó bá wu ẹlòmíì ló ń tẹ̀ ẹ́ sí.)

Fìlà kan náà tí ọmọ yìí rán á sì gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní Jímọ́ọ̀, Mùsùlùmí á gbé e sórí kó tó dúró sí ìlà ìrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn kò sọ ọ́ di dandan fún ọkùnrin. Ní ọjọ́ Àìkú, Kristẹni á bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní orí 11. Bí àwọn méjèèjì bá wá pàdé láàfin, wọ́n á jọ ṣí fìlà kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀, ọba nìkan ni tirẹ̀ á wà lórí. Ẹnìkan ń fi bíbò bu ọlá fún Ọlọ́run, èkejì ń fi ṣíṣí bu ọlá fún Un, wọ́n sì gbà fún ara wọn láìjà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé ọ̀rọ̀ fìlà kò já mọ́ nǹkan.

Kò já mọ́ nǹkan kẹ̀? Ní 1903, Gómìnà William MacGregor ní láti pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó láti Ilé-Ifẹ̀, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba kan nílẹ̀ Rẹ́mọ, lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀? Ọọ̀ni ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Ìtàn sọ pé títí Ọọ̀ni fi padà délé, ọ̀pọ̀ ọba Yorùbá ló kúrò lórí ìtẹ́ láti bọ̀wọ̀ fún ìrìn àjò náà. Bí a bá sì ń sọ nípa adé, èèwọ̀ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀: ọba kì í wo inú adé rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbé e kà á lórí. Àwọn tó mọ inú rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é, bí àwọn ìdílé aṣadé Ẹ̀fọ̀n Aláàyè tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, inú.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run, tí Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ látẹnu àwọn babaláwo. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n ní láti yà nílé Àjàlá gba orí. Àwọn méjì kọ́kọ́ débẹ̀. Wọn kò bá onílé, wọ́n bá fọwọ́ ara wọn mú orí tó dán, tó tóbi, tó wù wọ́n. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń rẹ̀, ó ń bó, nítorí iná kò jó o dénú. Afùwàpẹ́ rúbọ kó tó gbéra, ó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀, oníbodè sì tú àṣírí fún un: Àjàlá wà nílé o, àjà ló wà, ó sá fún àwọn tó jẹ lówó. Afùwàpẹ́ san gbèsè, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi orí tó jinná hàn án.

Àwọn onímọ̀ ti fi ìtàn yìí ṣe àríyànjiyàn gan-an. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1991, béèrè bí a ṣe lè sọ pé ènìyàn yan orí nígbà tí kò mọ èyí tó jinná yàtọ̀ sí èyí tí kò jinná. Bó bá jẹ́ pé ojú dídì ni wọ́n fi yàn, ta ló jẹ̀bi? Ibẹ̀ ni àkúnlẹ̀yàn àti àyànmọ́ ti ń fa ara wọn láṣọ ya.

Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ rí á béèrè nǹkan mìíràn. Á béèrè nípa Àjàlá. Kí ló dé tó gbé orí tútù àti orí jinná sórí pẹpẹ kan náà láìfi àmì sí i? Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀, òun ló sì gun àjà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní Òkokomáíkò pé ìtàn ọ̀run lásán ni èyí. Gbogbo wa la mọ télọ̀ tó gba owó àsansílẹ̀, tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń sọ pé "ọ̀gá ti jáde" nígbà tí ọ̀gá ń gbọ́ ọ láti yàrá ẹ̀yìn.

Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú fìlà. Ohun tí oníbàárà ń rí ni aṣọ òkè, bóyá ẹtù tàbí sányán láti Ìsẹ́yìn, tàbí àrán. Ohun tó ń gbé fìlà dúró kò hàn: sítéè, aṣọ líle tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ, àti láínìn tó bò ó. Ọmọṣẹ́ tuntun máa ń gé sítéè kó bá aṣọ dọ́gba. Àṣìṣe ni. Ó yẹ kó kéré díẹ̀, kó má wọ ojú rírán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí fìlà á ki, á máa ha oníbàárà níwájú orí. Bí áyọ́ọ̀nù kò bá gbóná tó, sítéè kò ní mú. Ní ọjọ́ tí wọ́n rà á, fìlà náà á dúró ṣánṣán bíi ti ọ̀gá. Òjò àkọ́kọ́ tó bá pa á ni á fi hàn. Abetí ajá tún ní wàhálà tirẹ̀, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, ẹni tí kò fi ṣọ́ọ̀kì fàlà kó tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ á rí ajá tí etí rẹ̀ kan ti já.

Oṣù àkọ́kọ́ kò ní tán kí bíléèdì tó di ohun èlò tí ọmọ náà ń lò jù. Tú u. Tún un rán. Tú u. Fìlà ṣeé tú, ṣé orí náà ṣeé tú? Ìṣẹ̀ṣe kò sọ pé rárá. A gbà pé ẹbọ àti ìwà ń tún ìpín ṣe, a gbà pé Ọ̀rúnmìlà ẹlẹ́rìí ìpín lè bá ni dá sí i, a sì gbà pé orí rere pàápàá kò dá nǹkan ṣe bí ẹsẹ̀ kò bá rìn. Ìdí nìyí tí èrò pé Yorùbá jókòó ti kádàrá láìṣe nǹkan kan kò fi tọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí lónìí, Mùsùlùmí tàbí Kristẹni ni wọ́n, wọn kì í bọrí, òmíì kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Àjàlá rárá. Kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò gba orí inú gbọ́ ṣì ní láti pinnu bóyá òun á fi sítéè gidi síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ìbéèrè ẹ̀sìn ni yẹn, ibi yòówù kó ti máa kírun tàbí gbàdúrà.

Nítorí náà, òbí tó fẹ́ fi ọmọ síṣẹ́ fìlà, láti Ìbà títí dé Navy Town, ẹ má kàn wo èyí tí ọ̀gá gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kó gbé fìlà kan wá, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi ìka tọ ojú rírán láìgbàgbé abẹ́ láínìn, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ kíkọ́. Ọba ni èèwọ̀ dè pé kó má wo inú. Kò de ẹ̀yin.