Ta Ni Ó Ń Ṣiṣẹ́?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí NBS, kéde pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, ìdá 4.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń wá iṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Iye tí àjọ kan náà kéde fún oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ọdún 2020 ni ìdá 33.3. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye méjèèjì láìgbọ́ àlàyé yóò rò pé iṣẹ́ ti ya bò wá bí òjò láàrin ọdún méjì lé díẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sì ti gba oyè dé láti yunifásítì, tí ó jókòó sílé, yóò ní irọ́ ni ìjọba ń pa. Èmi kò gbà pé irọ́ ni. Òṣùwọ̀n ni a pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tí a kò lè fi òtítọ́ àti irọ́ nìkan yanjú: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ fún ènìyàn pé ohun tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́, tàbí pé kì í ṣe iṣẹ́?

Ní ọdún 2020, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ iṣẹ́, àárín àwọn tí kò níṣẹ́ ni a ń kà á sí. Nínú ìlànà tuntun, wákàtí kan péré láàrin ọjọ́ méje ti tó, bí ó bá ti jẹ́ iṣẹ́ owó tàbí iṣẹ́ èrè. NBS kọ́ ni ó hu ìlànà yìí. Láti ọdún 1982 ni àwọn oníṣirò àgbáyé ti fi ẹnu kò sí i lábẹ́ ILO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. ILO àti Báńkì Àgbáyé ni wọ́n sì ran NBS lọ́wọ́ láti tún ìwádìí náà tò. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé wọ ilé onílé, kì í ṣe ìwé tí òjò lè pa. Gbogbo ọdún ni wọ́n sì fi ń ṣe é, kí a má baà fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan dá àgbẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun tí ó dára ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ra èlùbọ́ rí mọ̀ pé kóńgò ọjà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn (àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti lu ìdí tiwọn wọnú), kò sì sí bí a ṣe lè fi ọjà wé ọjà bí kóńgò kò bá dọ́gba. Bí a bá fẹ́ fi Nàìjíríà wé Gánà tàbí Jámánì, àfi kí a lo kóńgò kan náà.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé kóńgò náà dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, níbi tí ọ̀dàn Òkè-Ògùn ti kan igbó ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Igba ebè ni àwọn alágbàṣe ilẹ̀ iṣu fi ń díye lé iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ń bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ fi obìnrin kan tí ń ṣe èlùbọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ iṣu, ó bọ̀ ọ́, ó sá a sórí àpáta. Ìlànà tí àwọn oníṣirò fọwọ́ sí ní Geneva ní ọdún 2013 ní kí a bi í bóyá títà ni ó pọ̀ jù nínú èrò rẹ̀, tàbí jíjẹ. Bí ó bá ní títà, ó níṣẹ́. Bí ó bá ní jíjẹ, tí kò sì wá iṣẹ́ mìíràn, kò sí láàrin àwọn tí ó níṣẹ́, kò sì sí láàrin àwọn tí kò rí iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ owó kò kàn ni a óò to orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ àti arúgbó. Kí ni kí ó dáhùn? Bí èlùbọ́ bá wọ́n, yóò tà. Bí òkú bá kú nílé ọkọ rẹ̀, àlejò yóò jẹ ẹ́ tán. Gbodo tí ó wà lórí àpáta kò tíì mọ ibi tí òun ń lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a dá àwọn ará Geneva lẹ́bi jù. Àwọn náà ni wọ́n gbà ní ọdún 2013 kan náà pé iṣẹ́ ni oúnjẹ sísè, iṣẹ́ ni omi pípọn, iṣẹ́ ni ọmọ títọ́, àti pé iṣẹ́ owó kàn jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ ni. Èdè wa ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ibi tí wàhálà wà ni ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́ bá di tábúlẹ́ẹ̀tì mú tí ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ìyá tí ó ti ń bẹ iṣu láti àfẹ̀mọ́júmọ́ lè ní, "Rárá o, ilé ni mo wà." Ọmọ rẹ̀ tí ó fi ọ̀kadà gbé èrò títí ilẹ̀ fi ṣú náà lè ní òun kò tíì ríṣẹ́, nítorí pé lẹ́nu ẹni tí ó kàwé, iṣẹ́ ti di ohun tí a ń gba lẹ́tà fún. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tún un bi léèrè lọ́nà mìíràn. Èyí tí ń kánjú yóò tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sì kọjá. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá ni kò fẹ́ràn kíkà, wọn a sì fi òwe tí ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ gbè é lẹ́yìn. Ìtumọ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn tí ń ka owó ẹyọ ní ogójì-ogójì títí yóò fi di ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá yóò fi di ọ̀kẹ́ kan, kì í ṣe ẹni tí ń sá fún òǹkà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú òwe náà ni fún. Ọlọ́mọ lè ka ọmọ rẹ̀. Àjèjì tí ó kà á, tí kò sọ ohun tí òun fẹ́ fi iye náà ṣe, tí kò sì padà wá jíyìn, ni òwe náà ń bá wí. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ohun tí NBS jẹ àwọn ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní gbèsè ni kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́, ní èdè wọn, ibi tí a to ìdáhùn wọn sí àti ìdí tí a fi tò ó síbẹ̀.

Nínú ìwádìí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 kan náà, iye mìíràn wà: nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a ní wọ́n níṣẹ́, ìdá 92.6 ni iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí kò sì ní owó ọjọ́ àìsàn. Ìdá 4.1 ni a fi pariwo káàkiri. Bí a bá ka 92.6 yìí sétí obìnrin tí ó ń sá gbodo, kò ní bi wá pé báwo ni a ṣe ṣírò rẹ̀.