Ta Ni Kí A Dá Lẹ́bi Bí Oògùn Dókítà Bá Di Bárakú?

Bí ọ̀rọ̀ bárakú bá jáde lẹ́nu ènìyàn, igbó àti ọtí ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ bá. A kì í sábà rántí hóró oògùn kékeré tí dókítà kọ fún aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tí ń mú ọkàn balẹ̀, irú bíi diazepam tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, àti bromazepam tí wọ́n ń pè ní Lexotan, lè di bárakú fún ẹni tí kò fẹnu kan sìgá rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ta ló jẹ̀bi?

Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá wa. Àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn jáde sí ọjà ní 1960, Valium sì tẹ̀ lé e ní 1963. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka diazepam mọ́ àwọn oògùn pàtàkì, nítorí ó ń dá gìrì dúró. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ wa tí ń jẹ́ GABA. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti bíréèkì ọkọ̀, oògùn yìí sì ń bá a tẹ bíréèkì náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún oògùn. Bí a bá wá dá a dúró lójijì, bíréèkì kò ní mú dáadáa mọ́: oorun á dá, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi pàṣẹ ní 2020 pé kí ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ wà nínú ìwé ìlò gbogbo oògùn irú èyí.

Mo mọ Alhaja kan ní Basin níbí, ní Ìlọrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, kò rí oorun sùn mọ́. Dókítà kọ oògùn ọ̀sẹ̀ méjì fún un, ó sì sùn. Nígbà tí oògùn tán, ó mú páálí òfìfo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn, wọ́n sì tà fún un láìbéèrè ìwé dókítà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: hóró kan di méjì, ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún mẹ́ta. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dà sí ṣáláńgá. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí kò sì sùn rárá. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé oògùn olóró ni Alhaja ń mu.

Ẹnì kan lè sọ pé òun ló jẹ̀bi, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju oògùn sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Ẹni tó ń jẹ obì láràárọ̀, tí orí ń fọ́ lọ́jọ́ tí kò rí i jẹ, obì ti mọ́ ọn lára ni, kò dẹ́ṣẹ̀. Bárakú ni kí nǹkan máa ba ayé ẹni jẹ́, kí a fẹ́ fi í sílẹ̀, kí a má lè fi í sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń lo oògùn gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí, ó sì lè ṣínà fún èkejì. Èmi gbà pé kò sí ẹ̀bi níbi tí kò bá sí yíyàn, kò sì sí yíyàn níbi tí kò bá sí ìmọ̀. Ta ló sọ fún Alhaja pé oògùn oorun lè gba oorun lọ́wọ́ ẹni?

Ṣé dókítà àti olóògùn ló jẹ̀bi nígbà náà? Ẹni tó ní ìmọ̀ ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Ìlú wa kò ṣàì mọ̀ nípa èyí. Ní 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù jáde lórí oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. NAFDAC ti ilé iṣẹ́ oògùn mẹ́ta pa fún ìgbà díẹ̀. Méjì nínú wọn wà ní Ìlọrin. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ọjà kan ṣoṣo ló tì. Kò lè bi opó tí kò rí oorun sùn léèrè ohun tí ń ṣe é.

Àwa la yẹ kí a bi í. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló pa á lẹ́nu mọ́? Ní àdúgbò wa, bí ènìyàn bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, a ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Àdúrà kò sì ní kí a fi àìsàn pamọ́.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó padà wá bá adìyẹ wí. Nígbà tí wọ́n gbé Alhaja padà sí ilé ìwòsàn, dókítà kò bá a jà. Ó dá a padà sórí oògùn náà, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdáhùn mi nìyí: ẹ̀bi lè pín sí ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí dókítà sọ ọjọ́ tí oògùn yóò tán àti ìdí rẹ̀. Kí olóògùn béèrè ìwé kó tó tà. Kí ẹni tó ti ń lò ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó padà lọ rí dókítà. Kí àwa aládùúgbò sì fi ìbéèrè rọ́pò ẹ̀gàn, nítorí ẹni tí ojú ń tì kì í lè béèrè ìrànlọ́wọ́.