Ta Ni Yóò San Owó Ilé-Èrò?

Nínú ìtàn ará Samáríà tí Olúwa wa pa, ibì kan wà tí àwa olùkọ́ sábà máa ń fò kọjá nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọdé. A máa ń dúró pẹ́ lórí àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n kọjá lọ. A máa ń sọ ti òróró àti wáìnì tí a dà sí ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í ronú púpọ̀ sí owó tí ó jáde ní ọjọ́ kejì. Owó idẹ méjì ni ó fún onílé-èrò, èyí tí í ṣe owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún alágbàṣe ní ìgbà náà, ó sì ṣe ìlérí pé bí ìnáwó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá padà dé. Kò wí fún ọkùnrin náà pé kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́run. Ó mọ̀ pé ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn a máa jẹun, pé òróró a máa tán nínú ìgò, àti pé ibùsùn tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ sí, èrò mìíràn kò lè sùn sí i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìtọ́jú kan tí wọn ń pè ní hospice. Inú èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dúró fún àlejò àti fún ẹni tí ó gbà á sí ilé. Ní ọdún 1967 ni obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Saunders, ẹni tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ṣí St Christopher's Hospice ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn mọ́: kí a fi oògùn pẹ̀tù sí ìrora wọn, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn wọn, kí a sì tu àwọn ará ilé wọn nínú. Àwọn àgbà wa wí pé a rí ti àrùn ṣe, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ òwe náà di àwáwí, bí ẹni pé nígbà tí a kò bá rí ti ọlọ́jọ́ ṣe, kò sí nǹkan kan tí ó kù fún wa láti ṣe. Iṣẹ́ kù, iṣẹ́ náà sì ń gba owó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláìsàn kì í san ohunkóhun. Ìjọba ń dá apá kan. Ìyókù ń ti ọwọ́ àwọn aláàánú wá, àwọn tí wọ́n fi ogún sílẹ̀, àti àwọn tí ń ta aṣọ àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún tí ọjà kò bá tà, ikú kì í dín kù.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà. Ní ọdún 1965 ni wọ́n fi òfin dá Medicare sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Ní ọdún 1982 ni wọ́n fi hospice kún un. Lára owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni a ti ń yọ ọ́, 1.45 nínú 100, agbanisíṣẹ́ a sì san iye kan náà. Bí oníṣègùn méjì bá jẹ́rìí pé aláìsàn kò dàbí ẹni tí yóò lò ju oṣù 6 lọ, tí òun tìkára rẹ̀ sì fi ọwọ́ sí ìwé pé ìtura ni òun ń fẹ́, kì í ṣe ìwòsàn àìsàn náà mọ́, a óò máa san iye kan fún hospice ní ojoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì, oògùn ìrora, bẹ́ẹ̀dì àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Bí ó bá lò ju oṣù 6 lọ, a kì í lé e jáde; a óò tún un jẹ́rìí ni. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti owó ilé kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń san owó fún ọmọbìnrin tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣọ́ ìyá rẹ̀ ní òru.

Owó ojoojúmọ́ yìí ní ìdánwò tirẹ̀ nínú. A ń san án bí nọ́ọ̀sì wá, bí kò wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pẹ́ tí kò sì béèrè ohun púpọ̀ a máa mú èrè wá, ẹni tí ó bá dé pẹ̀lú ìrora ńlá nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta a sì mú àdánù wá. Nísinsìnyí, ju ìdajì àwọn hospice Amẹ́ríkà lọ ni ó jẹ́ ti àwọn tí ń wá èrè. A sì ti pe àwọn kan ní ẹjọ́ nítorí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò sún mọ́ ikú sínú ìwé. Ní ọdún 2016 ìjọba yí i padà: owó ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ga, ti ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀, àfikún sì wà fún nọ́ọ̀sì tí ó bá bẹ aláìsàn wò ní ọjọ́ 7 ìkẹyìn. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú sísan owó. Onílé-èrò náà ì bá ti ná owó idẹ méjì náà kí ó sì gbàgbé aláìsàn. Ohun tí kò jẹ́ kí ó rọrùn fún un ni pé ẹni tí ó san án ń padà bọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìtìjú ni kí a fi owó gbé òbí lé àlejò lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ará Samáríà náà kò dúró. Ó ní ìrìn-àjò tirẹ̀, ó sì lọ ní ọjọ́ kejì, a kò sì bá a wí.

Ní ti ilẹ̀ wa, òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù wọ inú ètò ìdójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò tí ì wọlé. Àpò ará ilé ni a ṣì fi ń wo aláìsàn. Àpò náà a máa gbẹ nígbà tí a bá ń wá oògùn ìrora, kí ó tó kún lójijì nígbà tí a bá ń wá màlúù àti aṣọ ẹbí. A ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Díẹ̀ ni ó wà láàárín sin àti sìn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni òbí fi ojú ara rẹ̀ rí. Mo ti ka ìwé òfin ẹgbẹ́ púpọ̀ nínú ìjọ. Gbogbo wọn ni ó kọ iye tí a óò fi fún ọmọ ẹgbẹ́ tí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá kú. Èmi kò tí ì rí èyí tí ó kọ iye tí a óò fi fún un ní oṣù mẹ́fà tí ó ṣáájú.