Ẹgbẹ́ àti Ìdìde

Ẹgbẹ́ kò wọ́n láàrin wa: ẹgbẹ́ èsúsú, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ tí a dá nítorí aṣọ ọdún. Gbogbo wọn ni ó ní olórí, akọ̀wé àti akápò. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí a rí lára ẹgbẹ́ kí a tó lè pè é ní ìdìde àwọn ènìyàn, irú èyí tí ń tún ìlú ṣe? Ẹni tí ó bá ka iye orúkọ inú ìwé wọn láti fi dáhùn kò tí ì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin alákọ̀wé kan ní ẹgbẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ sísè. Ẹgbẹ́ rere ni, èmi kò gàn án. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe láǹfààní. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá ọlọ́jà wá kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì gbé ẹrù ọkàn wọn wọlé: ìrẹsì tí a ń fi agbára gbà lọ́wọ́ wọn ní àkókò ogun, àti owó-orí tí ọmọbìnrin ń san láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin kì í san án ní ọjọ́ orí yẹn. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Orúkọ tí ó yí padà kọ́ ni mo ń tọ́ka sí. Ẹ̀bẹ̀ wọn ti di ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá, yálà ó san owó ẹgbẹ́ tàbí kò san án. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì jókòó níwájú ààfin ní ìparí ọdún 1947, ta ni yóò máa bi olúkúlùkù léèrè bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé?

Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ǹjẹ́ ogunlọ́gọ̀ lásán náà kì í ha ṣe ìdìde bí?’ Rárá o. Ìbínú a máa kó ènìyàn jọ ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì tú ká kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba oníṣirò láti yẹ ìwé owó ìlú wò, wọ́n sì tún padà sí ààfin.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. A sì dá owó-orí obìnrin dúró. Àwọn kan gbà pé ìṣẹ́gun yìí ni ẹ̀rí ìdìde. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí Aláké padà bọ̀ ní 1950. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ẹgbẹ́ náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti kọjá odi Ẹ̀gbá.